Ní tiwa, kóòṣì àgbà la fi ń bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní yunifásítì, ọjọ́ náà gan-an ni mo di kóòṣì àgbà ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé mo mọṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ o, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ ni. Lẹ́tà tí wọ́n fún mi kò tilẹ̀ dárúkọ básíkẹ́ẹ̀tì. "Sports Coach" lásán ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ló wò mí látòkè délẹ̀, tó ní níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run ti fún mi ní gíga, kí n lọ máa mójú tó básíkẹ́ẹ̀tì, kí n sì fi fọ́líbọ́ọ̀lù kún un. Bí oyè ṣe já lé mi lórí nìyẹn. Èmi ni kóòṣì àgbà, èmi ni igbákejì, èmi ni mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù, èmi ni mò ń bá dírẹ́bà bọ́ọ̀sì dúnàádúrà tí a bá ń lọ ìdíje, èmi náà ni mo sì ń kó jésì àwọn ọmọ lọ fún alágbàfọ̀ lẹ́yìn ọjà Gwagwalada.

Ìbéèrè tí màmá kan bi mí ló mú mi kọ èyí. Ọmọ wọn gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ mi, pọ́ìntì gáàdì ni, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àmọ́ tó máa ń mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà lórí pápá. Ó ti wà ní Amẹ́ríkà báyìí, ó ń ka másítà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan, wọ́n sì fi ṣe graduate assistant nínú ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Aṣọ ni màmá ń tà ní ọjà Kubwa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ àwọn ti wà lára àwọn kóòṣì ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìjọ ló bá wọn dúpẹ́. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bi ọmọ léèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe, ni wọ́n bá pè mí.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ní fídíò lòun ń gé. Ṣé tìtorí iṣẹ́ oníyàwòrán ni mo ṣe ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kó tó di kóòṣì àgbà, Mà. Ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíì kì í débẹ̀ rárá."

"Ọdún mẹ́wàá! Ẹ̀yin tí ẹ di ọ̀gá lọ́jọ́ kan ṣoṣo ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi pa fóònù, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò lọ. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ náà máa ń bi mí ní irú ẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń di kóòṣì àgbà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, bí ẹni pé fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n lè gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fídíò yẹn, torí mo ti rí i. Ọmọ náà fi hàn mí lórí fóònù lóru ọjọ́ kan. Nǹkan bí aago méjì ni lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣú lọ títí lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n máa tó kojú ikọ̀ kan. Tirẹ̀ ni pé kó wo eré márùn-ún tí ikọ̀ náà gbá kẹ́yìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbàkígbà tí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró gbagidi dí ọ̀nà kọjá, ìyẹn pick-and-roll tí gbogbo wa mọ̀, ó máa dá fídíò dúró. Ṣé ọ̀tún ló gbà àbí òsì? Ẹni tó dí ọ̀nà yẹn, ṣé ó sáré wọ abẹ́ agbọ̀n ni, àbí ó fà sẹ́yìn kó lè jù ú láti òkèèrè? Nínú àwọn tó ń dènà, ta ló wá ṣèrànwọ́, ta ló sì fi sílẹ̀ lófo? Á kọ ọ́, á gé e, á fi àmì sí i, á tún bọ́ sórí òmíràn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òru ni; ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kóòṣì àgbà máa wò nínú ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà ló máa ń he bọ́ọ̀lù fún àwọn tó wá ń ju ìjù àárọ̀, òun ló ń wa mọ́tò lọ gbé àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún un, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ díẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò sú u.

"Kóòṣì, mo ti mọ básíkẹ́ẹ̀tì báyìí ju ìgbà tí mò ń gbá a lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀ o, torí èmi ni mo kọ́ ọ.

Tó bá parí másítà, tí orí bá bá a ṣe é, wọ́n lè gbà á síṣẹ́ gidi. Ó lè máa bójú tó fídíò, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní director of operations, ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, tó ń gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń rí i pé oúnjẹ ti délẹ̀ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni igbákejì kóòṣì, ibẹ̀ sì niṣẹ́ ti ń yí padà pátápátá, nítorí igbákejì ní láti wá ọmọ wálé. Á máa bá ìyá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á wakọ̀ lọ jókòó sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ girama nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Igbákejì tó bá ń mú ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá wálé, orúkọ ẹ̀ máa ń tètè dé etí àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Èmi ò fi gbogbo ara gba ìyẹn. Ẹni tó dùn lẹ́nu ní pálọ̀ onílé lè má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà wọn ṣe rí nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì wọn, lé ní 350. Àga kóòṣì àgbà kan ṣoṣo ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 2023 sì ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì wọn, ti gbà kí ikọ̀ ọkùnrin kan ní igbákejì tó tó márùn-ún. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí ni Brad Stevens, nítorí iṣẹ́ tó dáa ló fi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ oògùn Eli Lilly ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Indianapolis. Ó kúrò níbẹ̀ ní 2000, ó ní òun fẹ́ lọ máa ran àwọn kóòṣì yunifásítì Butler lọ́wọ́, kódà tí wọn ò bá sanwó. Ní 2007 wọ́n fi í ṣe kóòṣì àgbà, ọmọ 30 ọdún. Butler, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, dé àṣekágbá ìdíje NCAA ní 2010, ó tún débẹ̀ ní 2011. Wọn ò gbé ife kankan. 61 sí 59 ni yunifásítì Duke fi lù wọ́n lẹ́ẹ̀kíní. Ní 2013 Boston Celtics, ikọ̀ NBA, wá mú un lọ. Mo sọ ìtàn yìí fún màmá. Wọ́n ní, "Ẹni tó ní nǹkan tó lè fi sílẹ̀ nìyẹn." Mi ò rí èsì fọ̀.

Àwọn ọmọ mi, Coach K ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n lè ka ife márààrún tí Mike Krzyzewski gbà ní Duke fún ẹ lórí, wọ́n sì mọ̀ pé ó borí nínú eré 1,202 kó tó fẹ̀yìn tì ní 2022. Apá tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ni Army. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point ló ti gbá bọ́ọ̀lù, lábẹ́ Bob Knight. Ó ṣe ológun, ó lọ sin Knight fún sáà kan ní Indiana, ó sì padà sí Army ní 1975 gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì àgbà, ọmọ 28 ọdún. Ta ló ń wo Army? Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ láìsí ariwo. Sáà tó lò kẹ́yìn, eré 9 ló jẹ, 17 ló ti fìdí rẹmi, síbẹ̀ Duke gbà á ní 1980. Sáà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó lò ní Duke, ó jẹ 38, ó pàdánù 47. Tó bá jẹ́ òde òní, wọ́n á ti lé e kí sáà kẹta tó parí. Tí mo bá ní ká máa fi ojú ire wo ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, ohun tí mò ń sọ nìyẹn: ibẹ̀ lèèyàn ti lè ṣubú kó tún dìde láìsí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ, ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, Sabon Gari la sì gbé, nílùú kan náà tí Masai Ujiri, ẹni tó di ọ̀gá ní NBA, dàgbà sí. Nínú ilé wa, Hakeem Ọlájuwọ́n lọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, òun náà ló parí sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ wa fìdí rẹmi nínú àṣekágbá NCAA 1984 pẹ̀lú yunifásítì Houston. Àwọn tó mọ ẹni tó borí ò pọ̀. John Thompson ti yunifásítì Georgetown ni, kóòṣì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife náà. Ó ti jókòó lẹ́yìn ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù Bill Russell lórí bẹ́ǹṣì Celtics, ó sì ti lọ kọ́ àwọn ọmọ girama ní St. Anthony ní Washington. Ibẹ̀ ni Georgetown ti wá mú un ní 1972, ikọ̀ tó jẹ́ pé eré mẹ́ta péré ló jẹ ní sáà tó ṣáájú. Ó wà níbẹ̀ títí di 1999. Dan Hurley náà, tó gba ife fún UConn, ìyẹn yunifásítì Connecticut, ní 2023 àti 2024, ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Newark ló wà títí di 2010, kó tó lọ sí yunifásítì Wagner, kó tó lọ sí ti Rhode Island. Nítorí náà, tí ẹ bá rí tíṣà kan ní Zuba tó fi fèrè sẹ́nu, tó ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn, ẹ rọra máa kọjá.

Àga náà fúnra ẹ̀ ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́, mo sì ti sọ èyí fún ọmọ mi. Láti 2018 ni transfer portal, àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kúrò, ti jẹ́ kó rọrùn fún agbábọ́ọ̀lù láti wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ; láti July 2021 ni wọ́n ti ń fi orúkọ ara wọn pawó; láti July 2025, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ lè sanwó fún wọn. Tony Bennett tó gba ife fún Virginia ní 2019 fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní October 2024, nígbà tí sáà tuntun ku ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ní òun kọ́ lẹni tó yẹ ibẹ̀ bí nǹkan ṣe rí báyìí. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí kò sẹ́ni tó lé e.

Ó ku tiwa. Kóòṣì yunifásítì lọ́dọ̀ wa, òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ni ni lójú ìwé, CONTISS, àtẹ owó oṣù irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ń sanwó ẹ̀. Tí àsìkò ìgbéga bá tó, iye ọdún tí o ti lò àti ìwé-ẹ̀rí tí o ní ni wọ́n máa bi ọ́. Mo jókòó níwájú àwọn ìgbìmọ̀ nígbà kan, kò sí ẹni tó bèèrè eré tí a jẹ tàbí èyí tí a pàdánù; ẹnì kan bèèrè bóyá mo ti lo lífù mi. Tí o bá wá ń gòkè, orí pápá lo ń kúrò. Òkè pátápátá ni Director of Sports, ẹni tó ń fọwọ́ sí mẹ́mò, tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa ra bọ́ọ̀lù tí kò ní gbá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ jù la ń gbé lọ sí ibi tí kò ti ní kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwé-ẹ̀rí wà o: èèyàn lè lọ sí NIS, ìyẹn National Institute for Sports, ní Sùúrùlérè, FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, náà ní láísẹ́ǹsì onípele. Mo gbà wọ́n, wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kì í jókòó tì ọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ohun tí mo padà sọ fún màmá nìyí: ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Dei-Dei, pátì ló máa kọ́kọ́ fọ fún ọ̀gá ẹ̀, kò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì títí di ìgbà kan, tó bá sì yá wọ́n á ṣe fríídọ̀ọ̀mù fún un. Ọmọ yín ń fọ pátì lọ́wọ́, Mà. Èmi ni wọ́n kó sípánà fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ní kí n máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló wá kọ́ yín?"

Gbọ̀ngàn ìṣeré tó wà ní Moshood Abiola Stadium ló kọ́ mi. Tí àwọn ikọ̀ líìgì bá wá síbẹ̀, mo máa ń jókòó sẹ́yìn bẹ́ǹṣì bí mo bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó, mi ò kì í wo bọ́ọ̀lù rárá, ẹnu kóòṣì ni mo ń wò. Lọ́jọ́ kan, kóòṣì àgbàlagbà kan gba tàìmù-áòtù nígbà tí wọ́n ti ń jìyà. Ìṣẹ́jú kan ni FIBA fún èèyàn. Ó jẹ́ kí wọ́n mu omi, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ ń wò ó, òun náà ń wò wọ́n. Ó wá yíjú sí ọ̀kan, ó fi Hausa sọ gbólóhùn kan fún un, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀kan fún ẹnìkejì, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n padà wọlé. Èmi, tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti ya pátákó tán, màá ti bú ìdajì wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dákẹ́ ná.

Ibi tí a ti ń gbá tiwa, kọnkéré ni. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo ẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ yí ẹsẹ̀ padà lójijì á yọ̀ lọ. Àpò ìrẹsì tí a rì sínú omi la máa ń fà kọjá lórí ẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kóòṣì àgbà mú etí kan, kápútẹ́nì mú èkejì.

Àwọn kan máa ń fi Olympics London 2012 ṣẹ̀sín títí dòní: Amẹ́ríkà 156, Nàìjíríà 73. Mo máa ń ní kí wọ́n wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì méjèèjì. Krzyzewski ló wà ní tiwọn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí Duke àti Amẹ́ríkà lè kó sẹ́yìn èèyàn. Ayọ̀ Bákàrè ló wà ní tiwa, ọkùnrin tó ti ṣe kóòṣì ikọ̀ Royal Hoopers l'Ékòó. Òun ló kó ikọ̀ ọkùnrin wa dé Olympics fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Lithuania àti Greece nínú ìdíje ìpegedé ní Caracas, wọ́n sì tún na Tunisia ní London náà. Ẹ̀sín wo ló wà nínú ìyẹn?

Ẹni tó jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yìí rò ni Rena Wakama. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, yunifásítì Western Carolina ló ti gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àwọn kóòṣì ní yunifásítì Manhattan àti Stony Brook. Kò tíì jẹ́ kóòṣì àgbà níbì kankan rí nígbà tí wọ́n kó D'Tigress, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, lé e lọ́wọ́ ní 2023. Ẹ rántí ariwo tí àwọn èèyàn pa. Ọdún yẹn náà ló gba AfroBasket, ife Áfíríkà, ní Kigali, kò sí obìnrin tó ti fi ipò kóòṣì àgbà gbà á ṣáájú ẹ̀. Ní Paris 2024, wọ́n na Australia, wọ́n na Canada, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ kọ̀tá-fáínà básíkẹ́ẹ̀tì Olympics. FIBA ní òun ni kóòṣì tó dáa jù nínú ìdíje àwọn obìnrin. Wọ́n tún gba AfroBasket ní Abidjan ní 2025. Àṣà wa yìí kan náà, ká kàn gbé oyè lé èèyàn lórí, ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, nígbà tí yunifásítì kankan l'Amẹ́ríkà ò tíì fún un ní àga. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti ẹ̀ ni pé ó ti fọ pátì tirẹ̀ kí oyè tó dé. Lẹ́yìn Paris, ó tún lọ ṣe igbákejì ní Chicago Sky, ikọ̀ WNBA ní Amẹ́ríkà. Kóòṣì àgbà orílẹ̀-èdè odindi! Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mo mọ̀ ní Abuja níbí, ẹ ò lè rí wọn kí wọ́n lọ gbé àpò bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo ti wá ṣe ipò méjì sínú ikọ̀ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yunifásítì kankan ò mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ni ẹni tó ń fi fóònù ya eré, tó ń gé e fún mi kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọmọ geography ni, kò lè ju bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n rárá, ojú ẹ̀ mú ju ti kápútẹ́nì lọ. Ìkejì ni ẹni tó ń kọ ìṣirò eré: ta ló jù, ibo ló ti jù ú, ta ló sọ bọ́ọ̀lù nù. Ẹni tó ń ṣe ìyẹn ti lọ sin ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ní Jigawa, ipò náà sì ṣófo. Ẹni tó bá wà ní Gwagwalada tàbí Giri, ọkùnrin tàbí obìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, tó lè jókòó wo eré parí láìtẹ fóònù, kó wá bá wa lórí kọnkéré náà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mi ò lè sanwó. Kó mú bírò tirẹ̀ wá, àwọn ọmọ yìí ti jí gbogbo tèmi.